Àwọn ọmọ ra ìrìnàjò ọkọ̀ ìgbafẹ́ fún wa: kí ni ká ṣe kí ọjọ́ tó pé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìgbógbó ni mò ń gbé, ní Ìkòròdú níbí. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní Manchester ti sanwó ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun fún èmi àti bàbá wọn, òru méje gbáko, lóṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀. Barcelona la ó ti wọkọ̀. Ọkọ̀ yóò yà sí Marseille, Genoa, Palermo, Tunis àti Palma kó tó gbé wa padà sí Barcelona. A ò wọ irú rẹ̀ rí. Fẹ́rì tó ń ti Èbúté lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó nìkan la mọ̀, òun gan-an sì máa ń kọ́ mi lóòyì. Bàbá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jọ̀ọ́, irú aṣọ wo la ó kó? Ṣé mi ò ní máa bì kiri? Ṣé owó tí ọmọ san yẹn ti kárí gbogbo rẹ̀? (Ìyá Ṣadé, Ìgbógbó)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, Mà. Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí fún yín. Ẹ béèrè aṣọ, ẹ béèrè èébì, ẹ béèrè owó, n ó sì dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ò béèrè ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń dá àwọn èèyàn wa padà létí omi lẹ́yìn tí owó ti wọlé tán. Físà ni.

Ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn èbúté tí ẹ kọ yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Barcelona àti Palma, ti Spéènì ni. Marseille, ti Faransé. Genoa àti Palermo, ti Ítálì. Gbogbo wọn ló wà lábẹ́ Schengen, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, físà kan náà ló sì ṣílẹ̀kùn wọn. Tunis nìkan ló dá yàtọ̀: Tùnísíà kò sí lára Schengen rárá. Tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Palermo tó forí lé Tunis, wọ́n ti kà á pé ẹ jáde. Tó bá wá gúnlẹ̀ ní Palma, ìwọlé kejì nìyẹn. Ara físà gan-an ni wọ́n ń kọ iye ìgbà tí èèyàn lè wọlé sí: 01 (ẹ̀ẹ̀kan), tàbí 02 (ẹ̀ẹ̀mejì), tàbí MULT (lọ́pọ̀ ìgbà). Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 01 ti lò ó tán ní Barcelona. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù, ẹ tọrọ èyí tó gba ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ sì fi ìwé ọkọ̀ tó to gbogbo èbúté lẹ́sẹẹsẹ sínú fáìlì, kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lè rí ìdí tí ẹ fi tọrọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí pásípọ́ọ̀tù bá padà sọ́wọ́ yín, ẹ má tíì jó. Ẹ wo àmì yẹn ná.

Tunis fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ní kí ọmọ yín kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà, kó bi wọ́n bóyá ẹni tó mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Tùnísíà, kí wọ́n sì fi ìdáhùn ránṣẹ́ ní kíkọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló ní òfin pé físà gbogbo ibi tí ọkọ̀ máa yà gbọ́dọ̀ pé kí èrò tó wọlé, ì báà ṣe pé onítọ̀hún fẹ́ sùn sínú yàrá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Tunis. Tí kò bá pé, wọn á dá a dúró létíkun, owó á sì gbé. Ibi tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti máa ń ṣìnà gan-an nìyí. Bóyá òun fúnra rẹ̀ ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan, torí pásípọ́ọ̀tù pupa tàbí búlúù ló mú lọ́wọ́. Tiyín, aláwọ̀ ewé ni. Ohun tó kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè má kàn yín rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ kí wọn ní Manchester, físà ìlú Ọba lọ́tọ̀, ti Schengen lọ́tọ̀. Ọ̀kan ò ṣiṣẹ́ èkejì. Ti Schengen, Spéènì ni kí ẹ ti gbà á, torí ibẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀, ibẹ̀ náà ló sì pọ̀ jù nínú ìrìn yín. Wọn kì í gba fọ́ọ̀mù ṣáájú kí ìrìnàjò tó ku oṣù mẹ́fà, iye ọjọ́ tó kù kò sì gbọ́dọ̀ dín sí 15. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ọjọ́ 15 yẹn o. Rírí ọjọ́ tí wọn á dá fúnni láti wá gbé ìwé sílẹ̀ l'Ékòó, iṣẹ́ ńlá ni. Ní kété tó bá ku oṣù mẹ́fà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ìwé adójútòfò ìlera wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí €30,000. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín bóyá ó kan ọkọ̀ orí òkun, bóyá ó sì máa sanwó tí wọ́n bá ní láti fi hẹlikọ́pítà gbé aláìsàn kúrò lórí omi. Bàbá ló mú mi sọ ọ́.

Kí pásípọ́ọ̀tù ṣì ní oṣù mẹ́fà nílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá padà dé. Kí orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì sì bá ti inú pásípọ́ọ̀tù mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Àwọn ọmọ mìíràn máa ń kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá wọn nílé síbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọkọ̀.

Ẹ má ṣe wọ Barcelona lọ́jọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra. Ẹ ti débẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú, ó kéré tán, kí ẹ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Láti Ìkòròdú dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà nìkan, ẹ mọ ohun tí Mile 12 lè ṣe fún èèyàn. Ẹ tún máa pààrọ̀ ọkọ̀ òfurufú lójú ọ̀nà, báàgì sì lè sọ nù sí ibẹ̀. Ọkọ̀ òkun ò ní dúró dè yín. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá sì sọ̀ kalẹ̀ láti ṣeré nínú ìlú, wọn á sọ aago tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti padà wọlé. Tí ẹ bá bá ètò ìgbafẹ́ tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe lọ, tí bọ́ọ̀sì wọn bá pẹ́, wọn á dúró. Tó bá jẹ́ takisí tí ẹ fúnra yín gbà ló há sínú gó-síló, ẹ ó rí ìdí ọkọ̀ bó ṣe ń lọ ni.

Tunis tún ní ọ̀ràn kan tó lè tan yín jẹ. Lóṣù kẹjọ, aago Spéènì àti Ítálì fi wákàtí kan ṣáájú ti Nàìjíríà. Ti Tùnísíà kì í yí padà, bíi tiwa náà ló rí látọdún dé ọdún. Tí fóònù bá ti gbá nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tunis mú, ó lè fi wákàtí kan falẹ̀ fúnra rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lo aago tí ẹ gbé wá. Ẹ ó máa rò pé aago mẹ́ta ló lù, aago mẹ́rin ti lù lórí ọkọ̀. Kí Bàbá de aago ọrùn ọwọ́, kó yí i sí aago ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó. Èyí tí ọmọ san, yàrá ló wà nínú rẹ̀, àti oúnjẹ ní ilé oúnjẹ ńlá àti ibi tí olúkúlùkù ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú eré alẹ́. Ohun tí kì í sábà sí nínú rẹ̀ ni mínírà, ọtí, Wi-Fi, ilé oúnjẹ pàtàkì, ìwọ́ra (masáàjì), àti ètò ìgbafẹ́ inú ìlú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tún máa ń gba owó àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí èrò kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ní béèrè lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yẹ ìwé rẹ̀ wò bóyá ó ti san èyí. Àwọn ayàwòrán á dúró lẹ́nu àkàbà ọkọ̀ bíi ti òde ìnáwó wa, wọn á yà yín, wọn á gbé e kọ́ sára ògiri. Ọ̀ranyàn kọ́ ni kí ẹ rà á.

Káàṣì ò ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀. Káàdì kan tí wọ́n á fún yín ló ń ṣílẹ̀kùn yàrá, òun náà ni wọ́n ń fi kọ gbèsè. Káàdì báǹkì tí ẹ bá so mọ́ ọn ló máa san án nígbẹ̀yìn. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti gbára lé káàdì náírà; ti àkáǹtì dọ́là ló dáa. Kí owó inú rẹ̀ sì ju ohun tí ẹ fẹ́ ná lọ, torí ọkọ̀ máa ń so owó díẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdógò, ó sì lè pẹ́ kí báǹkì tó tú u sílẹ̀. Fóònù yín, ẹ fi í sí ipò ọkọ̀ òfurufú (flight mode) tí ọkọ̀ bá ti ń kúrò ní èbúté. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àárín òkun ń jẹ owó gan-an.

Nípa èébì, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Fẹ́rì Èbúté kéré, ìgbì kékeré ló ń gbé e jù. Ọkọ̀ tí ẹ ń lọ wọ̀ yìí tóbi, ó sì ní lẹ́bẹ́ irin lábẹ́ omi lọ́tùn-ún lósì tó ń dín ìmì rẹ̀ kù. Ẹ̀rùn ni oṣù kẹjọ níbẹ̀, òkun náà sì sábà máa ń pa rọ́rọ́ nígbà yẹn, àmọ́ mi ò lè bá òkun búra. Tí ọmọ ò bá tíì mú yàrá, kó mú èyí tó wà láàárín ọkọ̀ gan-an, ní àjà ìsàlẹ̀. Iwájú, ìdí àti òkè pátápátá ló ń mì jù. Tí òòyì bá ṣe bí ẹni fẹ́ dé, ẹ jáde síta, ẹ tẹjú mọ́ ibi tí òfurufú àti omi ti pàdé, ẹ jẹ búrẹ́dì díẹ̀, ẹ jẹ atalẹ̀. Kí ebi má pa yín nínú yàrá o, ìyẹn ló ń bà á jẹ́. Oògùn rẹ̀ wà, ṣáájú ni wọ́n sì ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí Bàbá tó fi pọ̀ mọ́ tiẹ̀.

Oògùn Bàbá, inú báàgì ọwọ́ ló ń gbé, nínú páálí rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ìwé dókítà. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gba àpótí ńlá lọ́wọ́ èrò létíkun, ó sì lè di alẹ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Kí ó mú ti ọjọ́ mélòó kan sí i dání. Dókítà wà lórí ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó ni. Ẹ máa fi ọṣẹ àti omi fọwọ́ dáadáa kí ẹ tó jẹun: kòkòrò èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó máa ń jà lórí irú ọkọ̀ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní norovirus, ọṣẹ ló ń kápá rẹ̀, jẹ́ẹ̀lì ìfọwọ́ ò tó.

Ní Èbúté, ẹ kì í gbéra láìwọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Lórí ọkọ̀ ńlá, ẹ ò ní rí ẹni tó wọ̀ ọ́, ìyẹn ló sì ń mú kí àwọn kan fojú di ìdánrawò ọjọ́ àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èrò ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí ewu bá dé. Lọ́jọ́ 13 oṣù kíní ọdún 2012, ọkọ̀ ìgbafẹ́ Costa Concordia gbá àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì, èèyàn 32 kú. Àwọn kan tó wọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an ò tíì ṣe ìdánrawò kankan. Látìgbà náà, wọn ti ń ṣe é kí ọkọ̀ tó gbéra. Tí fèrè bá dún ní kúkúrú lẹ́ẹ̀meje tó wá dún gùn lẹ́ẹ̀kan, ibi tí wọ́n ní kí ẹ péjọ sí ni kí ẹ lọ, ẹ má wọ lífítì. Kí ẹ̀yin méjèèjì fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà wò nígbà tí ara ṣì balẹ̀.

Aṣọ wá kù. Lọ́sàn-án, aṣọ fúyẹ́ àti bàtà pẹlẹbẹ. Òkúta ni ojú ọ̀nà Genoa àti ọjà àtijọ́ Tunis, ó sì máa ń gbóná. Ẹ mú ìborùn fún ilé ìjọsìn. Òru kan tàbí méjì máa wà tí wọn á ní kí gbogbo èèyàn múra. Ẹ má ra kóòtù kankan fún Bàbá: aṣọ ìbílẹ̀ wọlé níbẹ̀ dáadáa. Agbádá rẹ̀, ìró àti bùbá lésì yín, ó parí. Gèlè, inú ilé ni o, afẹ́fẹ́ òkè ọkọ̀ ò mọ iye tí ẹ rà á.

Ẹ má kó áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùrù iná tàbí irin tí a fi ń se omi. Wọ́n ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà nítorí iná. Ẹran gbígbẹ àti wàrà, ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù ò fẹ́ kó wọlé. Ata gígún tí wọ́n dì pa nílé-iṣẹ́ lẹ lè mú dání, ẹ ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí oúnjẹ wọn ò mọ ata.

Lálẹ́ tó gbẹ̀yìn, wọn á ní kí ẹ gbé àpótí síta yàrá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ yọ aṣọ ọjọ́ kejì, bàtà, oògùn àti pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi aṣọ ìsùn sọ̀ kalẹ̀. Lálẹ́ yẹn kan náà, ẹ lọ sí kàǹtà, ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé gbèsè yín jáde. Bí wọ́n bá kọ ohun tí ẹ ò jẹ sí i, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́. Láàárọ̀, ìlà ibẹ̀ kì í kúrú.