Ìjọ tuntun ní Kétu: ẹ má tíì ra ilẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Aránṣọ ni mí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Láti ọdún tó kọjá ni àwa bí ọgbọ̀n ti ń pàdé fún ìjọsìn nínú pálọ̀ mi, onílé sì ti ń kùn nítorí gbohùngbohùn. Ẹnì kan fẹ́ ta ilẹ̀ fún mi lẹ́yìn ìlú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ lẹ́tà sáwọn ìjọ ní Amẹ́ríkà, pé wọ́n á fowó kọ́ ilé fún wa. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, níbo sì lowó ti máa wá?

Ìdáhùn: Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ìwé owó ẹgbẹ́ àti ti ìjọ ni mò ń tọ́jú níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ojú yẹn náà ni mo sì fi wo ọ̀rọ̀ yín. Ti ìpè àti ìran, ẹ̀yin àti Ọlọ́run lẹ mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè méjì tẹ́ ẹ bi mí, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi. Àwọn èèyàn kì í kówó ńlá síbi tí wọn ò ti mọ ẹni tó ni ín. Títí di ìsinsìnyí, pálọ̀ yín ni ilé ìjọ, àpò yín ni àpò ìjọ. Lójú òfin, kò tíì sí ìjọ kankan níbẹ̀. Aránṣọ kan tó ń gba àlejò lọ́jọ́ Àìkú ló wà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò. Tẹ́ ẹ bá ra ilẹ̀ yẹn lónìí, orúkọ ta lẹ máa kọ sínú ìwé? Ìjọ tí kò forúkọ sílẹ̀ kò lè ní dúkìá, nítorí náà orúkọ yín ló máa wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ á dáwó, wọ́n á ru bíríkì, wọ́n á kan páànù. Lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó yá, àwọn ọmọ yín ló máa jogún rẹ̀. Mo ti rí i tí àwọn ọmọ olóògbé fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé ìsìn pa, tí kò sì sẹ́ni tó lè bi wọ́n.

Ẹni tó ń tà á ńkọ́? Ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù ní Kétu. Ọmọ kan lè gbowó lọ́wọ́ yín láàárọ̀, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti Àbíjàn dé lóṣù kẹta pé àwọn ò gbọ́ sí i. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, titre foncier ni ìwé tó fìdí onílẹ̀ múlẹ̀, ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ló sì ń fúnni. Ìwé tí ẹ̀yin àti ẹni tó tà á jọ fọwọ́ sí lábẹ́ igi ò tó nǹkan. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò tíì ṣe tán. Bó bá ń kán yín lójú, ìdí mìíràn nìyẹn láti fà sẹ́yìn.

Ìforúkọsílẹ̀ ló kàn. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1990 fún oníkálukú lómìnira láti sin bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ìjọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ mínísítà tó ń rí sí ètò abẹ́lé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè ti ilé ìsìn pa títí ẹ ó fi ṣe é. Wọ́n máa ń béèrè lẹ́tà, ìwé ìbí, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀, casier judiciaire tó ń sọ bóyá kóòtù ti dá yín lẹ́bi rí, ìwé òfin inú ìjọ, àti 50,000 fáránkì. Faransé ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀; tí tíṣà kan bá wà láàárín yín, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìwé òfin inú ìjọ yìí ni àwọn èèyàn máa ń dà kọ látọ̀dọ̀ ìjọ míì láìkà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì í. Ta ló lè fọwọ́ sí owó? Ta ni dúkìá wà lórúkọ rẹ̀? Bí pásítọ̀ bá kú ńkọ́, tàbí tó bá lọ? Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Bilehou Oshoffa, káfíńtà, dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí ní 1947, ní ìwé òfin tirẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó kú ní 1985, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ di ẹjọ́ tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà. Ìjọ tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rárá wá ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ owó wàyí. Ká ní ogún nínú yín ló ń ṣiṣẹ́, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú 500 fáránkì wá lọ́sẹ̀. 10,000 nìyẹn lọ́sẹ̀, 40,000 lóṣù. Owó ìforúkọsílẹ̀ á ti pé kí oṣù méjì tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bá ilé ìwé aládàáni kan sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa yá yín ní kíláàsì kan ní Sunday: àga wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyẹn á yanjú ọ̀rọ̀ onílé yín pẹ̀lú. Orílẹ̀-èdè yìí ní òfin lórí ariwo láti 2001. Ọgbọ̀n èèyàn nínú pálọ̀ kan kò nílò gbohùngbohùn.

Ẹ má fi ẹ̀rọ ìránṣọ yín sílẹ̀ o. Owó oṣù pásítọ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ owó ìjọ kékeré tán, duru àwìn ló tẹ̀ lé e. Owó ìkórè sì rèé, ẹ má fi ṣe ìnáwó oṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń dé, òjò sì lè ba tọdún yẹn jẹ́.

Ohun kan tí mi ò ní gbà kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ máa gba ọrẹ sórí nọ́ńbà MoMo (àpò owó orí fóònù) tara yín. Owó aṣọ àti owó Ọlọ́run á dà pọ̀, ẹ̀yin gan-an ò ní mọ èwo lèwo. Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, ẹ ṣí àkáǹtì lórúkọ ìjọ ní báńkì tàbí CLCAM, ilé àfowópamọ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i, kí aya yín má sì jẹ́ ọ̀kan níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ṣí i, ìwé àkọsílẹ̀ kan ti tó: kí ẹni méjì ka ọrẹ lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Lóṣooṣù, ẹ kà á sétí ìjọ, títí kan èyí tẹ́ ẹ ná sórí epo ọ̀kadà.

Ní ti Amẹ́ríkà, ìjọ tó bá ń ṣèrànwọ́ lóòótọ́ á béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti ìwé owó yín, ẹ ò sì tíì ní méjèèjì. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí tiwọn tó wọlé, gbájúẹ̀ ni. Òkè òkun tèmi gbà yín níyànjú sún mọ́ yín ju ìyẹn lọ: àwọn ọmọ àti àbúrò àwọn ọmọ ìjọ yín tó wà ní Kùtọnu, Èkó, Àbíjàn àti Gàbọ́ọ̀nù. Wọ́n mọ ìlú, wọ́n mọ̀ yín. Tí ìwé owó oṣù mẹ́fà bá ti wà nílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí wọn lórí WhatsApp. Ẹ má bẹ̀ wọ́n fún ilé. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún ohun tó ní iye, bí ogún àga tàbí owó kíláàsì fún oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì fi rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.