Ìdí-igi: ìtumọ̀ àti orírun ọ̀rọ̀ òfin kan lórí ogún pínpín

Ẹ béèrè ohun tí "ìdí-igi" tí àwọn adájọ́ máa ń kọ sínú ìdájọ́ lórí ogún jẹ́, ibi tí ó ti wá, àti bóyá ó túmọ̀ sí pé àwọn ìyàwó olóògbé ni ó ń jogún. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ni ó ni ogún. Ní ìdí-igi, iye ìyá tí ó bímọ fún olóògbé ni a fi ń mọ iye ọ̀nà tí a ó pín in sí; ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ni à ń pè ní ìdí kan. Ìyàwó tí kò bímọ kò ní ìdí nínú ìṣirò náà, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ.

Ká ní ọkùnrin kan kú láìkọ ìwé ìhágún, ó fi ₦600,000 sílẹ̀. Ìyálé bí ọmọ kan fún un, ìyàwó kejì sì bí márùn-ún. Ìdí méjì ni ilé náà ní, ìdí kọ̀ọ̀kan yóò sì gba ₦300,000. Ọmọ ìyálé yóò dá gba tirẹ̀, àwọn márùn-ún yòókù yóò sì gba ₦60,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, tí í ṣe ọ̀nà kejì, ni a lò, orí àwọn ọmọ ni a ó kà, ₦100,000 ni yóò sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé kò lè ṣòro láti mọ ọ̀nà tí ọmọ ìyálé yóò fẹ́ràn!

Inú ilé olórogún ni ìdí-igi ti ṣẹ̀. Lábẹ́ òrùlé baba kan náà, ọmọ iyèkan ń jẹun láti inú ìkòkò ìyá wọn, ìyá wọn sì ni agbẹnusọ wọn níwájú baba; ọbàkan wọn wà ní ìdí tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí baba bá kú, ìdí wọ̀nyí ti wà nílẹ̀ kí ogún tó délẹ̀.

Ẹjọ́ tí ó fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ni ti Danmole àti Dawodu. Suberu Dawodu kú ní Èkó láìkọ ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà sọ pé ìdí-igi kò bá ẹ̀tọ́ mu mọ́, ó sì fara mọ́ orí-ò-jorí. Ní 1958, Kóòtù Gíga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ wa ṣì ń parí sí nígbà náà bí a tilẹ̀ ti gba òmìnira, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì gbe ìdájọ́ Kóòtù Gíga Jùlọ lẹ́yìn ní 1962. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n àwùjọ tí ọkùnrin ti ń fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo wọn ohun tí ó tọ́ ní àwùjọ tí ilé olórogún ti wọ́pọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni agbára ìdájọ́ náà wà.

Síbẹ̀, ẹjọ́ náà kò pa orí-ò-jorí rẹ́. Bí àwọn ọmọ bá ń jà lórí ìpín, olórí ẹbí ni ó ní àṣẹ láti sọ pé orí-ò-jorí ni kí a lò, ohun tí ó bá sì sọ ni abẹ gé. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá ń béèrè fún un kò lè fi dandan gbà á. Ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni yóò gbé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí olóògbé bá sì ti ṣe ìgbéyàwó kóòtù, òfin mìíràn ni ó sábà máa ń darí ogún rẹ̀. Níbi tí ìyá kan ṣoṣo bá ti bí gbogbo ọmọ, ọ̀nà méjèèjì yóò já sí iye kan náà.