Ẹja tó rí bí ejò: ṣé ẹ̀tọ́ ni, báwo la sì ṣe ń pa á?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaykum, Áfáà wa. Ìṣẹ̀rì ni mo ń gbé, odò Ògùn ni mo sì ti ń dẹ ìgèrè àti ìwọ̀, títí dé apá Àgbóyi. Ẹja gígùn kan máa ń kó sí wa lọ́wọ́ lóru. Ó rí bí ejò, ara rẹ̀ ń yọ̀, a ò sì rí ìpẹ́ lára rẹ̀. Aládùúgbò mi ní èèwọ̀ ni nítorí pé kò ní ìpẹ́, ìyàwó mi náà kò fẹ́ kí n gbé e wọlé. Ẹja yìí kì í tètè kú, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì máa ń da iyọ̀ sí i lára láàyè kí ikun ara rẹ̀ lè bó. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Èyí tó bá kú sínú ìgèrè ńkọ́? Àwọn kan tún ń fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ìjẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ lórí ìrun kíkí lórí omi pẹ̀lú.

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam wa rahmatullah, arákùnrin mi. Ẹ̀tọ́ ni ẹja náà. Ẹ lè jẹ ẹ́, ẹ sì lè tà á. Ọlọ́hun Ọba sọ nínú Súratul Máídà, áyà 96, pé a ṣe ohun ọdẹ inú omi àti jíjẹ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ fún yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé òkun nìkan ni áyà yẹn ń bá wí. Nínú Súratu Fátir, áyà 12, Ọlọ́hun dárúkọ omi méjèèjì, èyí tó dùn tó ń pa òùngbẹ àti èyí tó níyọ̀ tó korò, Ó sì ní nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ ti ń jẹ ẹran tútù. Omi odò Ògùn tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè, àti omi ọ̀sà tí iyọ̀ máa ń wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí èyí tó yọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpẹ́ tí aládùúgbò yín sọ, òfin ẹ̀sìn àwọn Júù ni. Ó wà nínú ìwé Léfítíkù, orí 11, pé èyí tó bá ní lẹbẹ àti ìpẹ́ nìkan ni kí wọ́n jẹ. Àwọn ìjọ onígbàgbọ́ kan ní Èkó ń pa á mọ́ títí dòní. Àwọn Ṣíà nínú àwa Mùsùlùmí náà ń wo ìpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Imaamu Máálíkì, tí a ń tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kò fi ìpẹ́ ṣe òdiwọ̀n rárá. Bukhari, ọ̀kan nínú àwọn tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, gbé e wá nínú ìwé rẹ̀, ní abala ẹran pípa àti ọdẹ, pé Ibn Abbas, ọmọlẹ́yìn Ànábì, sọ̀rọ̀ nípa ẹja gígùn kan tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní jirrí. Ó ní àwọn Júù kì í jẹ ẹ́, àwa sì ń jẹ ẹ́. Irú ẹja tí ẹ ń béèrè gan-an nìyẹn. Àní Anguilla, ẹja bí ejò tí wọ́n ń jẹ ní Yúróòpù, ní ìpẹ́. Ó kéré púpọ̀, inú awọ ló sì fara pamọ́ sí, ojú lásán kò lè rí i.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ni pé kó má lọ jẹ́ ejò gidi, nítorí ìdájọ́ tiẹ̀ yàtọ̀. Ìpẹ́ gbígbẹ ló bo ejò lára, ahọ́n rẹ̀ là sí méjì, ó sì ń nà án síta. Ẹja ní ihò ìmí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí tàbí lábẹ́ ọ̀fun, ikun sì bo ara rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ inú ìgèrè lóru.

Ní ti ìyàwó yín, ẹ má fi tipátipá gbé e fún un. Wọ́n gbé ẹran alángbá aṣálẹ̀ kan wá síwájú Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò sì jẹ ẹ́. Wọ́n bi í bóyá èèwọ̀ ni, ó ní rárá, kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ àwọn èèyàn òun, ọkàn òun kò sì gbà á. Khalid bn Walid, ọmọlẹ́yìn rẹ̀, fa ẹran náà mọ́ra, ó jẹ ẹ́ lójú Ànábì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kọ oúnjẹ kò dẹ́ṣẹ̀, bí kò bá ti pe ẹ̀tọ́ ní èèwọ̀.

Ibi tí ó ká mi lára jù nínú ìbéèrè yín ni iyọ̀ yẹn. Lóòótọ́, a kì í dúńbú ẹja, kò sì ní májẹ̀mú pípa bíi ti ewúrẹ́. Ìdí nìyẹn tí Imaamu Máálíkì fi sọ nínú ìwé rẹ̀, Muwatta, pé kò sí aburú nínú ẹja tí abọ̀ná pàápàá bá pa, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti Ègùn tàbí Ìlàjẹ tí ẹ jọ wà lórí omi. Ṣùgbọ́n pé a kì í dúńbú rẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun tí a ó máa dá lóró. Shaddad bn Aws gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì, Imaamu Muslim sì gbà á wá nínú ìwé rẹ̀, pé Ọlọ́hun ti ṣe dáadáa ṣíṣe ní dandan lórí gbogbo nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ pa ẹran, ẹ pa á dáadáa, kí ẹ pọ́n ọ̀bẹ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹran náà sinmi.

Ẹja yìí lè fi awọ ara gba atẹ́gùn níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ bá ṣì tutù. Ìdí tí kì í fi í tètè kú nìyẹn: bí ẹ bá jù ú sínú báàkẹ́ẹ̀tì pé kó kú fúnra rẹ̀, ó lè lo ọ̀pọ̀ wákàtí níbẹ̀. Iyọ̀ tí ẹ bá dà sí i láàyè ń ta á bí iná, ó ń fa omi ara rẹ̀ jáde, ẹja náà á máa lọ́ra rẹ̀ mọ́ra, ikun tuntun á sì tún máa jáde sí i. Ìyà lásán ni, kò sì yá iṣẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ fi àpò tàbí aṣọ gbígbẹ tó le díẹ̀ dì í mú lẹ́yìn orí: ìka àárín lókè, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka kẹrin nísàlẹ̀, kí ẹ há a mọ́ àárín wọn. Ẹ gbé orí rẹ̀ lé pákó. Ẹ fi kùmọ̀ kékeré lù ú lẹ́yìn ojú gan-an, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kó dún. Kíá ni kí ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e lọ́rùn, kó kọjá egungun ẹ̀yìn. Ara rẹ̀ ṣì lè máa mì lẹ́yìn ìyẹn. Iṣan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ti kúrò. Ìgbà yìí ni iyọ̀ tó wúlò. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ tàbí eérú, ẹ fi kàn-ìnkàn-ìn ha á láti orí sí ìrù, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i bó bá ṣì ń yọ̀. Ẹ má bó awọ rẹ̀, ẹ má sì kì í bọ omi gbígbóná kó tó kú. Ẹ̀jẹ̀ Anguilla tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní oró nígbà tó bá wà ní tútù, iná ló ń pa oró náà. Nítorí náà kí ẹ̀jẹ̀ irú ẹja bẹ́ẹ̀ má ta sí yín lójú tàbí sójú ọgbẹ́, kí ẹ sì sè é jinná.

Ẹja gígùn máa ń gbé ìwọ̀ mì títí dé ikùn. Ẹ má fà á ya. Ẹ gé okùn, ẹ pa ẹja, kí ẹ yọ ìwọ̀ nígbà tí ẹ bá ń yọ ìfun. Ẹ ka iye ìwọ̀ tó lọ àti iye tó bọ̀, torí ìwọ̀ tó bá kù nínú ẹja títà, ọ̀fun oníbàárà ló ń lọ.

Èyí tó kú sínú ìgèrè, ẹ̀tọ́ ni. Ànábì sọ nípa omi òkun pé mímọ́ ni omi rẹ̀, ẹ̀tọ́ sì ni òkú inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó pa á. Púpọ̀ nínú ẹja àbàtà wa ló máa ń yọrí gba afẹ́fẹ́, bí ìgèrè bá sì rì pátápátá, omi á pa á síbẹ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀ kí apá kan rẹ̀ yọ lókè omi, ẹ dẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́, kí ẹ gbé e láàárọ̀. Ìgèrè tí ẹ bá gbàgbé sódò kò ní yéé pa ẹja tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ, ìfiṣòfò sì nìyẹn. Èyí tó bá ti ń rùn, ẹ dà á nù. Ànábì sọ fún ọlọ́dẹ tó rí ẹran rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta pé kó jẹ ẹ́ bí kò bá tíì rùn. Bí ẹ bá sì ń tà á ní Mile 12 tàbí Kétu, ẹ má fi òkú àná sáàárín ààyè kí ẹ pè é ní ọ̀tun. Ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa.

Ẹ fi ọ̀pọ̀lọ́ sílẹ̀. Abu Dawud gbé e wá nínú ìwé tiẹ̀ pé oníṣègùn kan fẹ́ fi í ṣe oògùn, Ànábì sì kọ̀ fún un láti pa á. Lóòótọ́ àwọn onímímọ̀ Máálíkì gba jíjẹ ọ̀pọ̀lọ́ omi láàyè, ṣùgbọ́n kíkàn án mọ́ ìwọ̀ láàyè, kó máa jà fitafita di ọ̀gànjọ́, n kò rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ sí i. Òórùn ni ẹja yìí fi ń wá oúnjẹ lóru, kò nílò ìjẹ tó ń mira. Ekòló, ègé ẹja tútù tàbí ìfun adìẹ tí wọ́n dúńbú á ṣe é. Kó jẹ́ tútù. Ẹja yìí kì í fẹ́ràn ìjẹ tó ti rà. Òkú adìẹ tó kú fúnra rẹ̀, ẹ má fowó rà á, torí Ànábì ka títa òkú ẹran léèwọ̀.

Ìrun: ẹ kí Subhi kí ẹ tó lọ gbé ìgèrè. Bí èbúté bá wà nítòsí, ẹ gòkè kírun. Bí kò bá sí, ẹ dúró kí i nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rù pé ọkọ̀ á dojú dé, ẹ jókòó. Láti Èkó, ìlà oòrùn tó ya díẹ̀ sí àríwá ni Kíbílà. Omi odò tàbí ọ̀sà tọ́ fún àlùwàlá, àfi ibi tí epo ọkọ̀ tàbí ìdọ̀tí ilé ti yí àwọ̀, òórùn tàbí ìtọ́wò rẹ̀ padà. Apá Àgbóyi kò ṣófo irú bẹ́ẹ̀, ẹ máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi kékeré dání. Ikun ẹja kò ba aṣọ ìrun jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó bá ṣàn, Sheikh Khalil, onímímọ̀ Máálíkì, kà á sí nàjísì (ohun àìmọ́), àwọn onímímọ̀ mìíràn ní mímọ́ ni. Èyí tí kò fẹ̀ tó owó dírámù, owó ẹyọ àwọn Lárúbáwá àtijọ́, a ti mójú kúrò lára rẹ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ di aṣọ ìrun sínú ọ̀rá lọ́tọ̀, kí ẹ pààrọ̀.