Wọ́n Ti Ṣiṣẹ́ Abẹ Dísìkì Fún Ọmọ Mi: Báwo Ni Ẹ̀yìn Rẹ̀ Yóò Ṣe Rí Lọ́jọ́ Iwájú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ ọdún 19 ni ọmọkùnrin mi nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ dísìkì fún un, lẹ́yìn tí ìrora tó ń ta láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè jókòó ní kíláàsì mọ́. Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Ìrora náà ti lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kéré jù kò mọ nǹkan lára dáadáa, ẹ̀yìn sì máa ń ro ó láàárọ̀. Bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, ó sì fẹ́ kó máa bá òun gbé ìdì aṣọ. Ìyá ọkọ mi ní ẹni tí abẹ bá ti kan ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan mọ́ láyé, pé kò sì ní lè bímọ. Ṣé kò ní yarọ tó bá dàgbà?
Ìyá ọlọ́mọ, Ṣùúrùlérè.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn ọmọ, Ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn yín: iṣẹ́ abẹ dísìkì tó yọrí sí rere kì í sọ ọ̀dọ́ di arọ lọ́jọ́ ogbó, èyí tí wọ́n bá sì gba ẹ̀yìn ṣe, tó wọ́pọ̀ jù, kì í dí ọkùnrin lọ́wọ́ ọmọ bíbí.

Dísìkì ni ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì. Awọ líle ló yí i ká, ohun tó ń fà wà nínú rẹ̀. Bí awọ náà bá ya, tinú rẹ̀ a yọ síta bí ẹ̀kọ gbígbóná tí ewé rẹ̀ ya, a sì tẹ iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ẹsẹ̀. Èyí tó yọ síta yẹn ni dókítà sábà máa ń gé kúrò. Ìyókù ṣì wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n sì gé kì í hù padà. Ọmọ ìka tí ẹ mẹ́nu bà bá dísìkì ìsàlẹ̀ pátápátá mu, nítorí iṣan tí dísìkì yẹn sábà máa ń tẹ̀ ló ń mú kí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ lóde mọ nǹkan lára. Iṣan tí wọ́n ti tẹ̀ pẹ́ kì í tètè sàn, àìmọ̀lára díẹ̀ sì lè ṣẹ́ kù láìjẹ́ pé nǹkan ń burú sí i.

Ní ti ọjọ́ iwájú, Henrik Weber, dókítà kan ní orílẹ̀-èdè Norway, gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1983, lẹ́yìn tó ti tọpa àwọn aláìsàn dísìkì fún ọdún 10. Ní ọdún kìíní, ara àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún dá ju ti àwọn tí wọn kò ṣe é fún lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún kẹrin, ìyàtọ̀ náà ti dín kù púpọ̀, kò sì tó nǹkan mọ́ ní ọdún kẹwàá. Lójú tèmi, ohun tí iṣẹ́ abẹ ṣe fún ọmọ yín ni pé ó tètè dá a padà sí kíláàsì. Kò fún un ní ẹ̀yìn tuntun. Nínú ẹni 100 tí wọ́n bá ṣe é fún, nǹkan bí 5 sí 15 ni dísìkì náà tún lè yọ fún, ọ̀dọ́ sì ní ọdún púpọ̀ níwájú tí èyí fi lè ṣẹlẹ̀. Dísìkì náà tún lè máa fẹ́lẹ́ sí i, kí ẹ̀yìn sì máa ro ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi irin so eegun pọ̀, àwọn dísìkì tó múlé gbè é ni yóò máa ru ẹrù tó pọ̀ jù, nítorí náà ẹ béèrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdì aṣọ wá ńkọ́? Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó bá mọ Ìdúmọ̀tà ti rí bí alábàárù ṣe ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò fa ìdì aṣọ kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, tí yóò yí ìbàdí gbé e ka èjìká, tí yóò sì gun àtẹ̀gùn tóóró lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kí a bẹ̀rẹ̀, kí a yí ìbàdí, kí ẹrù sì wúwo, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni dísìkì kò fẹ́. Kí bàbá rẹ̀ fi í sídìí ìwé ọjà àti àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ yín náà ṣì í, nítorí ẹ̀yìn tí kò bá ṣe nǹkan kan kì í lágbára. Kí ó máa rìn dáadáa, kí ó máa tẹ orúnkún gbé ohun fífúyẹ́ mọ́ àyà, kí ó má fa sìgá, kí àwọn onífísíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá wo ara, ní ilé ìwòsàn eegun Igbóbì tàbí LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, sì kọ́ ọ ní eré ìdárayá tó ń mú iṣan ikùn àti ẹ̀yìn le. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú un lórí afárá, kí ó máa yí ìjókòó padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gun ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé òun ń wọ́ ọ, ẹ má sì fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wo dísìkì, nítorí kò lè dé ibi tí iṣan wà.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé kò lè tọ̀ mọ́, tàbí tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ bí ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ bá ń jáde, tí abẹ́ rẹ̀ níbi tó fi ń jókòó kú, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru, nítorí iṣan tí ọjọ́ bá gorí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ lè má padà sípò mọ́.