Kí ló dé tí ọmọ kékeré fi ń béèrè ọ̀rọ̀ ní alẹ́ Ìrékọjá?

Ẹnìkan béèrè pé kí ló dé tí àwọn Júù fi máa ń ní kí ọmọ tó kéré jù nílé béèrè ọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́ Àjọ Ìrékọjá.

Àṣẹ ni. Ẹ́kísódù 13:8 ní kí bàbá sọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ohun tí Olúwa ṣe fún òun nígbà tí òun jáde ní Íjíbítì. Míṣínà, ìwé òfin tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, wá fi kún un pé ní ìran gbogbo, kí oníkálùkù ka ara rẹ̀ sí ẹni tó ti ibẹ̀ jáde. Torí náà ni wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan lọ́tọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn: búrẹ́dì aláìwú, ewébẹ̀ kíkorò, omi iyọ̀ tí wọ́n ń ti ewébẹ̀ bọ̀, ìrọ̀rí tí wọ́n ń fara tì bí ọmọ olówó. Ojú ọmọ á rí i, ẹnu rẹ̀ ò ní lè dákẹ́. Bí kò bá sí ọmọ, ìyàwó á béèrè. Ẹni tó dá wà á bi ara rẹ̀, kódà ọ̀mọ̀wé méjì tó mọ òfin náà dunjú á bi ara wọn. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú àṣà yìí nìyẹn.

Èsì bàbá ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ògo. Míṣínà ní kó ti ìtìjú bẹ̀rẹ̀, kó fi ìyìn parí. Ìdí nìyẹn tí èsì náà fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹrú Fáráò la jẹ́ ní Íjíbítì."

Ọ̀nà yìí gan-an, kéèyàn sọ ìtàn láìfi ìtìjú pamọ́, ni mo rí nínú iṣẹ́ Rábì Berel Wein, ọmọ Chicago, tí wọ́n bí lọ́dún 1934. Lọ́yà ni tẹ́lẹ̀ kó tó di rábì ìjọ, lọ́dún 1997 ló sì kó lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ó sọ ìtàn àwọn Júù sórí kásẹ́ẹ̀tì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, àwọn tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ rábì rí sì ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀. Ó tún kọ ọ́ sínú ìwé. Triumph of Survival nìkan bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1650 dé 1990. Kò fi ìjà tó wà láàárín àwọn Hásídì, ìyẹn ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kan láàárín àwọn Júù, àtàwọn rábì tó takò wọ́n pamọ́. Ó kú ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ẹni ọdún 91.