Èsì: Oṣù méjì nídìí iṣẹ́ alukoro, ìròyìn nìkan ni mò ń gé kó jọ

Ẹ kú iṣẹ́. Inú ìròyìn tí ẹ ní ẹ ń gé kó jọ látinú ìwé ìròyìn yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ yín wà. Ẹ mú àtẹ̀jáde kan tí iléeṣẹ́ yín fi ránṣẹ́ sáwọn akọ̀ròyìn, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn tó jáde, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ ohun tí akọ̀ròyìn yọ kúrò: ẹ ó rí i pé ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, tó sọ ẹni tó ṣe nǹkan, ohun tó ṣe, ìgbà àti ibi tó ti ṣe é, ló sábà máa ń ṣẹ́kù, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyìn ọ̀gá àgbà yóò ti pòórá.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àtẹ̀jáde tiyín lórí ètò tó ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n fi bírò pupa tún un ṣe. Lójú tèmi, ìwé tó kún fún pupa yẹn níye lórí ju ìwé ẹ̀rí lọ.

Àmọ́ ìyẹn jẹ́ bí wọ́n bá ráyè kà á. Bí wọn kò bá ráyè, ẹ gbé e fún òṣìṣẹ́ tó máa ń kọ àtẹ̀jáde. Ẹ má sì ṣe fi ohun tí iléeṣẹ́ kò tíì kéde han ará ìta.