Dátà omi kànga wa: báwo ni lílò rẹ̀ yóò ṣe hàn nígbà ìgbéga?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí níbí ní Yábàá. A yẹ omi kànga 60 wò ní Bárígà, ìwé wa ti jáde, orí Google Drive la sì gbé dátà rẹ̀ sí. Ǹjẹ́ wọ́n lè ka lílò dátà náà mọ́ iṣẹ́ mi nígbà ìgbéga? Google Scholar ní h-index mi (òṣùwọ̀n bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí iṣẹ́ ẹni) jẹ́ 9, Scopus, àkójọ ìtọ́kasí mìíràn, ní 5. Èwo ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Ẹ kúuṣẹ́, olùkọ́. Líǹkì Drive yẹn ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Ọjọ́ tí ẹ bá pa fódà rẹ́ tàbí tí ẹ yí àṣẹ rẹ̀ padà, líǹkì náà lè má ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń ka ìtọ́kasí tó bá wọlé síbẹ̀. DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà fún ìwé tàbí dátà, ni wọ́n ń tọpa. Zenodo, ibi ìpamọ́ dátà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí CERN (ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù) ń bójú tó, ń fúnni ní DOI lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà kànga 60 kò tiẹ̀ ní jẹ nǹkan kan nínú 50 GB tó ń gbà.

Kí ẹ tó gbé e síbẹ̀, ẹ fi CSV (fáìlì tábìlì lásán) pa á mọ́, ẹ sì kọ README, ìyẹn fáìlì àlàyé, tó sọ ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́, bóyá mg/L ni àbí µg/L, àti ọjọ́ tí ẹ bu omi. Òdo ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ kọ 0 fún kànga tí ẹ̀rọ kò rí òjé nínú rẹ̀. Ẹ tún wá kọ 0 fún èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì tí ẹ kò dé. Ẹni tó bá wá ìpíndọ́gba yóò ṣì í, orúkọ yín ló sì wà lára fáìlì. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lófìfo fún èyí tí ẹ kò wọ̀n. Fún èyí tí ẹ̀rọ kò rí, ẹ kọ òdiwọ̀n tó kéré jù tó lè rí, kí àmì < ṣáájú rẹ̀. GPS ńkọ́? Nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn póìǹtì ń júwe ibi kan dé nǹkan bíi mítà 11. Ní Bárígà, ẹnu ọ̀nà onílé nìyẹn. Ẹ gé e sí nọ́ńbà méjì lẹ́yìn póìǹtì, ìyẹn bíi kìlómítà kan.

DOI méjì ni Zenodo yóò fún yín, ọ̀kan fún ẹ̀dà náà, ọ̀kan fún gbogbo ẹ̀dà. Nínú ìwé yín tó ń bọ̀, inú àtòjọ ìwé ìtọ́kasí gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Tó bá wà nínú gbólóhùn "dátà wà níbi báyìí" nìkan, ó sábà máa ń sọnù. Iye ìgbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n lò ó.

Ní ti h-index, méjèèjì ló tọ̀nà. 5 túmọ̀ sí pé iṣẹ́ yín márùn-ún ni wọ́n tọ́ka sí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀marùn-ún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Scholar ń ka tẹ́sísì àti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìmọ̀ mìíràn tó bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jọ́nà, ìwé àti àkójọ àpérò tí Scopus yàn nìkan ni Scopus ń kà, ọ̀pọ̀ jọ́nà ilé wa kò sì sí níbẹ̀. Èyí tí ìlànà ìgbéga yín bá dárúkọ ni kí ẹ kọ, kí orísun àti ọjọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yọ iṣẹ́ ẹlòmíràn kúrò lójú ewé Scholar yín: àwọn tó ń jẹ́ orúkọ bíi Adéyẹmí A. pọ̀ ju dánfó Yábàá lọ. Nọ́ńbà ORCID yín, oní-dígíìtì 16 tó ń yà olùwádìí kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, ni kí ẹ máa fi sílẹ̀ níbi gbogbo, títí kan Zenodo.